Láti Ọjọ́ Ẹ́ḿpáyà dé Ọjọ́ Òmìnira: Ilé-Ìwé, Ajẹ́lẹ̀ àti Àjọ̀dún Ìjọba ní Àwọn Ìlú Kéékèèké Èkìtì

Ìfáàrà

Ọjọ́ tí ìjọba bá yà sọ́tọ̀ fún àjọ̀dún kì í bá ìlú ńlá àti ìlú kékeré lọ́nà kan náà. Ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, àwọn ológun, ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ ìjọba àti àlejò láti òkè òkun ni wọ́n máa ń kún pápá. Bí ọmọ ilé-ìwé kan kò tilẹ̀ yọjú, ayẹyẹ náà yóò ṣe é ṣe. Ní ìlú kékeré, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí bárékè níbẹ̀, iye ọlọ́pàá lè má ju méjì mẹ́ta lọ, akọ̀wé ìjọba kò sì tó kún yàrá kan. Ilé-ìwé nìkan ni ìjọba ti lè rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n mọ orin kan náà, tí wọn yóò sì tò sí ìlà bí a bá ní kí wọ́n tò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àjọ̀dún orílẹ̀-èdè ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlú kékeré kò ní rí ìdáhùn rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìjọba. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni yóò ti rí i.

Ilẹ̀ Èkìtì ni iṣẹ́ yìí gbé ìtàn náà kà. Èkìtì jẹ́ ilẹ̀ ìlú kéékèèké tí wọ́n pọ̀, tí olúkúlùkù sì ní ọba tirẹ̀, ọdún tirẹ̀ àti ìtàn tirẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ méjì tí àjọ̀dún ìjọba rọ̀ mọ́, èyíinì ni ajẹ́lẹ̀ àti òmìnira, ti ní ìtumọ̀ kan ní Èkìtì kí òyìnbó tó gbé àsíá rẹ̀ débẹ̀. Ìtumọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn tí a ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ máa ń fò dá nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọdún 1960.

Ajẹ́lẹ̀ méjì

Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì. Iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ ni láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀, láti máa ṣọ́ ọba àti àwọn ìjòyè, kí ó sì jẹ́ ojú àti etí fún olóyè ogun tí ó rán an. Samuel Johnson, tí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń ru ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó ogun kan dé èkejì, kò fi bò nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921 pé ìwà ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí àti ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn sú àwọn ará ìlú. Ní 1878, Fábùnmi, ọmọ ọba ní Òkè-Mẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ó wà ní ìlú wọn. Iná tí ó ràn láti ibẹ̀ ni a ń pè ní ogun Kírìjì, èyí tí Èkìtìparapọ̀ fi kojú Ìbàdàn. Akíntóyè (1971) ti ṣe àlàyé kíkún lórí ogun náà. Kò sí ìdí láti tún un sọ níhìn-ín. Ohun tí ó kan iṣẹ́ yìí ni pé ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886 ni a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà tí ó fún àwọn ìlú Èkìtì ní òmìnira wọn, àti pé ní 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá.

Òmìnira tí a ń sọ níbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé òfin. Ẹni tí kì í ṣe ẹrú, tí kì í ṣe ìwọ̀fà, ni ó ni òmìnira. Ìlú tí a kò fi ajẹ́lẹ̀ sí lórí ni ó ni òmìnira.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá fi òyìnbó kan jẹ olórí ìṣàkóso Èkìtì, tí ó sì fi Adó ṣe ibùjókòó, àwọn ènìyàn ní láti wá orúkọ tí wọn yóò pè é. Orúkọ tí wọ́n ní ní ilé ni wọ́n lò: ajẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ìtumọ̀ lásán ni èyí kò ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà tí Fábùnmi ṣe ohun tí ó ṣe yóò ti di ẹni ọdún 75 ní 1933. Irú bàbá àgbà bẹ́ẹ̀ lè wà láàyè, kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá ilé-ìwé, kí ó sì rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó ń yan níwájú ajẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ẹ́ḿpáyà

Ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ni ọjọ́ ìbí Ọbabìnrin Victoria, ẹni tí a bí ní 1819, tí ó sì kú ní 1901. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Lord Meath jẹ́ aṣáájú wọn, ń polongo pé kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé tí ó wà lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì máa fi ọjọ́ náà kọ́ nípa ìjọba tí ó ni wọ́n. Ní 1916 ni ìjọba Lọ́ńdọ̀nù wá fọwọ́ sí i ní kíkún. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nígbà náà, ọmọdé ni a torí rẹ̀ dá ọjọ́ yìí sílẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Kánádà gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Nàìjíríà. Ohun tí ìlú kékeré fi yàtọ̀ ni pé lẹ́yìn ọmọdé, kò sí ohun mìíràn tí a lè pè ní ayẹyẹ.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni ìmúrasílẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ yóò kó àwọn ọmọ jáde sí pápá, yóò tò wọ́n láti orí ẹni gíga dé orí ẹni kúkúrú, yóò sì máa ka ìṣísẹ̀ fún wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì títí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ yóò fi máa dún bí ẹsẹ̀ kan. Orin ọba Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọn yóò kọ́ ní àkọ́sórí. Èdè rẹ̀ kò yé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohùn rẹ̀ kò sì bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá mu rárá. Ní ilé, ìyá ni iṣẹ́ kù sí lọ́wọ́. Aṣọ kakí gbọ́dọ̀ mọ́, kí a ri í sínú omi sítáàṣì, kí a sì fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí yóò fi le bí páálí. Ọmọ tí aṣọ rẹ̀ bá ya kò ní yan, ojú yóò sì ti òbí ju ọmọ lọ. Ní àwọn ilé kan, aṣọ ọjọ́ Ẹ́ḿpáyà ni aṣọ tuntun kan ṣoṣo tí ọmọ yóò rí yàtọ̀ sí ti Kérésìmesì tàbí ti Iléyá.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn ọmọ abúlé ti wà lójú ọ̀nà. Ajẹ́lẹ̀ kò lè wà ní ìlú gbogbo ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ibi tí ó bá wà ni àwọn ilé-ìwé ìtòsí yóò kóra jọ sí. Ní ìlú tí kò bá lè dé, hẹdimásítà, àlùfáà ìjọ tàbí ọba ìlú ni yóò dúró ní ipò rẹ̀ láti gba ìkíni. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀, ó sì yẹ kí a dúró wò ó.

Yorùbá kì í kí àgbà ní ìdúró. Ọmọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin a kúnlẹ̀. Ọmọ tí ó bá sì tẹjú mọ́ àgbà, tí ó ń wò ó lójú kòróó, a ó ní kò ní ẹ̀kọ́. Lójoojúmọ́ ni olùkọ́ kan náà ń fi ìwà yìí kọ́ àwọn ọmọ nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlà bá dé iwájú àtẹ̀gùn tí àwọn àgbà jókòó sí, àṣẹ tí olórí ìlà máa ń pa ni pé kí gbogbo ojú yí sí apá ọ̀tún. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án yóò kọjá níwájú ọba rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, àyà rẹ̀ yóò nà, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa fì, ojú rẹ̀ yóò sì wà lójú kábíyèsí. Kò tún sí ọjọ́ mìíràn nínú ọdún tí ó lè dán irú rẹ̀ wò. Ìyà ni yóò fi jẹ ní ọjọ́ kejì bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ààfin. Àwọn onímọ̀ kan máa ń kọ̀wé bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tí ajẹ́lẹ̀ sọ ní ọjọ́ Ẹ́ḿpáyà ni ìjọba fi ń yí ọkàn ọmọ padà. Ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó gbọ́ ọ má tó ìdá mẹ́wàá àwọn tí ó wà ní pápá. Ara ni a fi kọ́ wọn. Ọrùn tí ó yí sí ọ̀tún náà ni ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn yíyan ni eré máa ń bẹ̀rẹ̀: eré sísá, fífò sókè, eré inú àpò, fífa okùn, àti èyí tí a fi ń gbé ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ṣíbí sáré. Ìgbà yìí ni ìlú tó wọ inú ayẹyẹ ní tòótọ́. Àwọn tí wọn kò bìkítà nípa àsíá yóò wá wo ọmọ ta ni yóò gba ipò kìn-ín-ní. Onígúgúrú, ẹlẹ́pà àti ẹlẹ́kọ yóò pàtẹ. Onílù yóò dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, yóò sì máa ki ọmọ tí ó bá borí ní oríkì bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a kọ́ láti òkèèrè ṣe ń di ti ilé ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà.

Kì í ṣe pápá ilé-ìwé nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ní 1935, àwọn aláàdìrẹ ilẹ̀ Yorùbá gbé àwòrán òun àti olorì rẹ̀ sórí aṣọ, aṣọ náà ni a sì ń pè ní Olóba. Àjọ̀dún náà kọjá lọ. Aṣọ Olóba ṣì wà lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú ọba tí a yà sí i lára. Àwọn tí wọ́n ń ró o kò ronú nípa Lọ́ńdọ̀nù mọ́.

Ọjọ́ tí kì í yẹ̀

Ìlú Èkìtì kọ̀ọ̀kan ti ní ọdún tirẹ̀. Adó ní Ùdírókò, Ìkéré ní Olósùnta, Ìrè ní ọdún Ògún, bẹ́ẹ̀ ni ìjẹṣu tuntun wà káàkiri. Àwọn ọdún wọ̀nyí kò ní déètì inú kàlẹ́ńdà ní ìgbà àtijọ́. Àwòrò yóò wo oṣù, yóò ka ọjọ́ ọjà, yóò wo bí iṣu ti ta. Ọba yóò sì kéde. Ọjọ́ ọjà pẹ̀lú ní ètò tirẹ̀: ọjà ọrún, ọjà ìsán, ọjà ìtàdógún. Bí ọdún bá kọlu ohun búburú, bíi ikú ẹni ńlá, a lè sún un síwájú.

Àjọ̀dún ìjọba kò mọ ìwọ̀nyẹn. Ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún yóò dé ní ọjọ́ tí ó bá wù ú, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ọjà, ìbáà jẹ́ ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ tí gbogbo àgbẹ̀ wà lóko. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá tún le jù ú lọ ní ọ̀nà kan. Oṣù Ọ̀wàrà ni a ń pe oṣù náà, òjò alágbára tí ń rọ̀ nínú rẹ̀ ni ó sì fún un lórúkọ. Oṣù yìí kan náà ni kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n dáadáa lórí igi. Àgbẹ̀ tí ó ní kòkó ní ọ̀nà jíjìn kì í fi í sílẹ̀ wá sílé torí pé ìjọba ní kí a sinmi; àsìkò tí owó ọdún kan fẹ́ wọlé ni. Ìdí mìíràn nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn olùkọ́ wọn, àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn arúgbó ni wọ́n máa ń wà ní pápá. Àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn tó láti dìbò, tí a ń tìtorí wọn sọ̀rọ̀ òmìnira, wà ní oko.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1960

Ohun tí ó mú kí ọjọ́ òmìnira tóbi ju ọjọ́ Ẹ́ḿpáyà èyíkéyìí lọ ní ìlú kékeré ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún márùn-ún ṣáájú rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé ní gbogbo Ẹkùn náà fò láti nǹkan bíi 457,000 ní 1954 sí nǹkan bíi 811,000 ní 1955. Ìlú tí ilé-ìwé rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ tẹ́lẹ̀ di ìlú ilé-ìwé mẹ́ta; abúlé tí kò ní rárá rí ọ̀kan. Àwọn ọmọ tí wọ́n wọlé ní 1955 ni wọ́n wà ní kíláàsì kẹfà ní 1960. Kò tíì sí ìgbà kankan rí tí ọmọ tí ó lè yan pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Ní òru tí ó ṣáájú rẹ̀, ní pápá ìsáré ẹṣin ní Èkó, a sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, a sì gbé àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun sókè. Ọmọ Yorùbá kan, Táíwò Akínkúnmi, ni ó ya àwòrán àsíá náà nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Oòrùn pupa wà láàárín àwòrán tí ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Àwọn tí ó ṣe ìdájọ́ ni wọ́n yọ ọ́. Ní àárọ̀, Ọmọbìnrin Ọba Alexandra, tí ó ṣojú Ọbabìnrin Elizabeth, gbé ìwé òmìnira fún Tafawa Balewa. Ìlú kékeré gbọ́ gbogbo èyí láti ẹnu rédíò onibátìrì tí ó wà ní ilé ẹni bíi méjì mẹ́ta, tàbí kí ó kà á nínú ìwé ìròyìn tí ó dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Ohun tí ìlú kékeré rí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ yàtọ̀. Ó rí pápá kan náà. Ó rí àwọn ọmọ nínú kakí kan náà, tí wọ́n tò láti orí ẹni gíga dé orí ẹni kúkúrú, tí olùkọ́ kan náà ń ka ìṣísẹ̀ fún wọn. Ojú tún yí sí ọ̀tún. Lẹ́yìn náà eré, lẹ́yìn náà ìrẹsì. A pín àsíá kékeré àti kọ́ọ̀pù ìrántí, èyí tí ọ̀pọ̀ tí ó wà ní ilé-ìwé nígbà náà ṣì ń rántí ju ọ̀rọ̀ tí a sọ lọ. Àsíá yí padà, orin yí padà. Ètò tí a gbé wọn kalẹ̀ lórí rẹ̀ kò yí padà rárá.

Ó rọrùn láti fi èyí ṣe ẹ̀sùn, kí a ní òmìnira wọ aṣọ àlòkù. Ẹ̀sùn náà kò tọ̀nà tán. Ní 1960, olùkọ́ ìlú kékeré ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó mọ̀ láti fi han ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ọjọ́ kan tóbi. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìlú ti fi mọ èdè náà. Bí a bá dédé sọ pé kí wọ́n má yan mọ́, ọ̀pọ̀ ìyá ni ìbá béèrè pé ṣé ọjọ́ òmìnira kò tó ọjọ́ Ẹ́ḿpáyà ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni ẹni tí ó jókòó ní àga àárín. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, kì í ṣe òyìnbó mọ́.

Ó yẹ kí a fi kan kún un. Ibùjókòó ìjọba tí ó ń ṣàkóso Èkìtì ní ọjọ́ òmìnira ni Ìbàdàn. Àṣẹ tí a pa ní Ìbàdàn nípa ilé-ìwé, owó kòkó àti ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń dé Òkè-Mẹ̀sí. Kò sí ẹni tí ó fi èyí wé ti àwọn ajẹ́lẹ̀ 1878 láì ṣe àsọdùn, nítorí pé àwọn Èkìtì fúnra wọn ní aṣojú ní ilé ìgbìmọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń jẹ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó ti ibẹ̀ wá. Síbẹ̀ ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ tí àwọn bàbá ńlá wọn gba ìwé òmìnira tiwọn, kọjá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ ńlá náà láìsí ìsinmi. Ìwé ìtàn tí olùkọ́ ń fi kọ́ni kò kọ ọ́ sí ọjọ́ àjọ̀dún.

Lẹ́yìn pápá 1960

Ayọ̀ náà kò pẹ́ kí ó tó dàrú ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1962 ni ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ẹkùn náà. Abẹ́ alákòóso tí a rán wá ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ti yan ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1963, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́. Ọjọ́ yẹn kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a sọ Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n. Ní ìlú kékeré, níbi tí a ti mọ ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan láti ilé dé ilé, olùkọ́ tí ó ní kí ọmọ kọ orin ayọ̀ ní láti mọ ohun tí bàbá ọmọ náà ń rò. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í sí nínú ètò ayẹyẹ tí a tẹ̀.

Ọjọ́ Ẹ́ḿpáyà fúnra rẹ̀ ti di Ọjọ́ Kọ́mọ́ńwẹ́lìtì láti 1958. Láti 1964 ni Nàìjíríà ti ń ṣe Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó wà láàárín rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí Victoria, yíyan àti eré sísá sì ni a fi ń ṣe é. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí ọjọ́ Ẹ́ḿpáyà wọlẹ̀ sí kò ní láti rìn jìnnà.

Ìjọba ológun fi ohun méjì kún iṣẹ́ olùkọ́. Ní 1976, ìbúra orílẹ̀-èdè tí Felicia Adébọ́lá Adédoyin kọ dé ilé-ìwé. Ní 1978, a fi orin tuntun rọ́pò orin 1960. Ohun tí ó jẹ́ ti ọjọ́ àjọ̀dún kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀ wá di ti àárọ̀ gbogbo, ní ìlà ìpéjọ, kí ọmọ tó wọ kíláàsì.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá tún gba ìtumọ̀ mìíràn ní Èkìtì ní 1996, nígbà tí ìjọba Abacha yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Òǹdó ní ọjọ́ náà gan-an. Láti ìgbà náà, ọjọ́ ìbí méjì ni a ń ṣe papọ̀. Adó ni ayẹyẹ pàtàkì sì ń gbà wáyé. Pápá ayẹyẹ ìjọba tí ó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Èkìtì Parapọ̀. Orúkọ Kírìjì ti wọ inú àjọ̀dún ní ọ̀nà ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré ni ó pàdánù níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí a yàn láti ilé-ìwé mélòó kan ni a ń kó sínú ọkọ̀ lọ sí Adó, tàbí sí olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn yòókù a wà nílé. Ìyá tí ó lọ aṣọ lóru kò rí ọmọ rẹ̀ kí ó yan, onílù ìlú kò sì mọ ẹni tí yóò kì. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù dún ní Àbújá ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 2010, nígbà tí Nàìjíríà ń ṣe àádọ́ta ọdún, ìjọba àpapọ̀ gbé ayẹyẹ tirẹ̀ wọ inú ọgbà Ilé Ààrẹ fún ọdún mélòó kan. Ìbẹ̀rù yẹn jẹ́ ti Àbújá, kì í ṣe ti Òkè-Mẹ̀sí. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ pé kí a ṣe ayẹyẹ ní ìwọ̀nba tàn dé ibi gbogbo.

Ti ọjọ́ 12 oṣù kẹfà yàtọ̀ sí èyí. Ìbò tí Olóyè M. K. O. Abíọ́lá gbà ní 1993, tí a sì fagi lé, ni a ń rántí. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi ọjọ́ náà sinmi ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba àpapọ̀ tó sọ ọ́ di Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa ní 2018. 2019 ni gbogbo orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ ṣe é. Ní ìlú kékeré, ilé-ìwé kọ́ ni ọjọ́ yìí gbà wọlé. Ẹnu àwọn tí wọ́n tò sórí ìlà láti dìbò ni ó gbà. Bóyá ìdí nìyẹn tí a fi máa ń sọ ọ́ ju bí a ti ń ṣe é lọ.

Ìwé tí ó wà nínú àpótí hẹdimásítà

Òfin ilé-ẹ̀kọ́ ní kí olórí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan máa kọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, èyí tí àwọn olùkọ́ mọ̀ sí lọ́ọ̀gì búùkù. Ọjọ́ tí alábẹ̀wò dé wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ìjì ṣí òrùlé wà níbẹ̀, ọjọ́ Ẹ́ḿpáyà àti ọjọ́ òmìnira náà wà níbẹ̀: iye ọmọ tí ó yan, ẹni tí ó gba ìkíni, bóyá òjò rọ̀. Kò sí ìwé mìíràn tí ó ṣe àkọsílẹ̀ àjọ̀dún ìlú kékeré báyìí. Ibi ìkówèésí ìjọba ní Ìbàdàn ní ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀, ajẹ́lẹ̀ sì máa ń kọ nípa ibi tí òun wà. Ìlú tí kò dé, ìwé hẹdimásítà nìkan ni ó ní. Nínú àpótí igi ni a ń tọ́jú wọn, ikán sì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí a bá rán lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-ìwé àtijọ́ lè béèrè fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó sì da ohun tí ó bá rí kọ sínú ìwé mìíràn kí sáà tó parí.

Ẹ̀rí kejì wà lórí ẹsẹ̀, òun náà sì ń dínkù. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11 ní 1960 ti lé ní ọdún 70. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá orin 1960 padà, èyí tí Lillian Jean Williams, obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ti lo gbogbo ayé wọn nínú orin 1978. Wọn kò mọ èyí tí a ní kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ọ̀la. Àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà tí wọ́n ti yan ní pápá kan náà mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ohùn rẹ̀ àti ibi tí a ti ń mí.